Àárẹ̀ tí oorun ò wò: bẹ́ẹ ṣe lè dá a mọ̀, àti ìdí tí wọ́n fi ń tọrọ ọpọlọ òkú

Níbi tí wọ́n ti ń kì wá ní Òṣómàáló yìí, kéèyàn sọ pé ó ti ń rẹ òun láti oṣù mẹ́fà, ọ̀lẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè é. Àmọ́ àìsàn gidi kan wà tó ń jẹ́ chronic fatigue syndrome, ME/CFS ni wọ́n ń gé e kúrú sí, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àìsàn míì bíi kòrónà.

Ẹ lè sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́, kẹ́ẹ jí, kó dà bíi pé ẹ ò fojú kan oorun. Èyí tó wá burú jù ni pé tẹ́ẹ bá fagidi rìn láti ọjà Atakúmọ́sà délé tàbí ẹ fọ aṣọ, àárẹ̀ ẹ̀ lè má mú yín lójú ẹsẹ̀ o, ó lè tó wákàtí 12 sí 48 kó tó dé, á wá dá yín dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn ará ilé á sì ní ṣebí o ń rẹ́rìn-ín lánàá. Ọ̀rọ̀ tẹ́ẹ mọ̀ á sá lọ lẹ́nu yín. Tẹ́ẹ bá dúró pẹ́, òòyì.

Ẹ má fún ara yín lórúkọ ẹ̀ o, ẹ lọ sí hòsípítù, Wesley Guild wà n'Iléṣà, OAUTHC wà n'Ifẹ̀. Kò sí tẹ́ẹ̀sì kan tó ń mú un, ńṣe ni wọ́n máa yẹ àwọn tó jọ ọ́ wò: àìtó ẹ̀jẹ̀, ṣúgà, tírọ́ìdì, àrùn ẹ̀dọ̀, HIV. Ẹ kọ ohun tẹ́ẹ ṣe àti ọjọ́ tó dá yín dùbúlẹ̀ sínú ìwé, kẹ́ẹ mú un lọ, torí dókítà tí èrò ń dúró dè ò ráyè ìtàn gígùn.

Olórí ìtọ́jú tó wà ni kẹ́ẹ máa ṣọ́ agbára ná, bí fóònù tó ku 20% tí NEPA ò tíì múná wá. Ẹ jókòó kó tó rẹ̀ yín, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá rẹ̀ yín. Ẹni tó bá ní kẹ́ẹ máa sáré kẹ́ẹ sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, ẹ sọ fún un pé NICE, àjọ tó ń tọ́ àwọn dókítà sọ́nà nílùú ọba, ti ní kí wọ́n má lo ìyẹn mọ́ láti 2021.

Ọ̀rọ̀ ọpọlọ wá ńkọ́? Èèyàn ò lè la orí alààyè wo, ìdí nìyẹn táwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí àìsàn yìí fi ń tọrọ ti òkú. Sophia Mirza nílùú ọba, tí àìsàn yìí ń ṣe, wọ́n gbé e lọ sílé wèrè tipátipá, ó kú lọ́dún 2005, ìgbà tí wọ́n wá yẹ ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀ wò ni wọ́n bá àmì àìsàn gidi níbi tí iṣan ìmọ̀lára so mọ́ ọn. Èmi ò rí ẹ̀rí tó jùyẹn lọ fún ẹni tó ń bú aláìsàn.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ fi tiyín sílẹ̀, ìgbà tẹ́ẹ wà láyé lẹ máa kọ ọ́, kẹ́ẹ sì sọ fáwọn ọmọ àti olórí ẹbí, torí ọpọlọ tètè ń bàjẹ́, àríyànjiyàn níwájú mọ́ṣúárì á ti pa á run. Ojú òkú ò ní bàjẹ́, wọ́n ṣì lè tẹ́ ẹ. Wọ́n ń wá ti ẹni tí ara ẹ̀ le náà, kí wọ́n lè fi wéra. Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé ìpamọ́ ọpọlọ, ṣùgbọ́n àrùn bí ìgbàgbé àgbà ló gbájú mọ́, ẹ béèrè bóyá wọ́n á gba tiyín kẹ́ẹ tó buwọ́ lùwé.