Ẹ fowó sínú káàdì láti alẹ́
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará Mile 2 l'Ékòó. Ẹni tó bá ń lọ sí Marina lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ rélùwéè. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni rélùwéè Blue Line ti ń gbéra níbí, ó ń gba Suru-Alaba, Orile àti National Theatre kọjá. Kò sí sùnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ lójú irin. Àmọ́ káàdì Cowry lẹ máa fi wọlé. Ẹ fowó sí i lálẹ́ yìí, torí èrò máa ń pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń fowó sí i láàárọ̀. Ọkọ̀ ti lọ lójú mi rí níbẹ̀, ó dùn mí gan-an. Káàdì yẹn náà lẹ máa fi wọ bọ́ọ̀sì BRT. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú BRT, ẹ tún fi kan ẹ̀rọ o, kí wọ́n má baà yọ owó tó ju ibi tẹ́ ẹ dé lọ.