Ẹ má fi ẹyọ ewé kan ṣoṣo dá dóńgóyárò mọ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan ládùúgbò wa n'Íbarà já ewé wálé, ó lóun fẹ́ fi se àgbo ibà, ó ti ń fọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kí n tó rí i pé èso róbótó wà lára ẹ̀ka tó já, ni mo bá ní kó jọ̀ọ́ kó dúró. Igi yẹn kì í ṣe dóńgóyárò rárá. Mẹ́líà ni (Melia azedarach), wọ́n máa ń gbìn ín fún ẹwà, èso ẹ̀ sì lóró, ó lè fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, ó tún léwu jù fọ́mọdé.

Ẹyọ ewé tá a máa ń já wò yẹn ló ń ṣì wá lọ́nà. LátÉṣíà làwọn igi méjèèjì ti wá, mọ̀lẹ́bí kan náà ni wọ́n pẹ̀lú ọ̀gànwó, etí ewé wọn rí bí eyín ayùn, tẹ́ ẹ bá mú ẹyọ kan dání ẹ ò lè mọ̀yàtọ̀. Ẹ fa ewé náà tọ̀pátọ̀pá dé ibi tó ti so mọ́ ẹ̀ka. Ti dóńgóyárò, ọ̀pá kan ṣoṣo ni, ewé á tò sọ́tùn-ún sósì ẹ̀ bí ìyẹ́ adìẹ, wọ́n á tẹ̀ díẹ̀ bíi dòjé. Ti mẹ́líà, ọ̀pá yẹn á tún ya ọ̀pá kéékèèké, orí àwọn kéékèèké yẹn lewé wà, bíi ti mọ̀ríńgà.

Ẹ má ní torí pé ó korò, òun náà nìyẹn. Mẹ́líà náà korò o!

Ẹ má sì dúró sójú títì Panṣẹ́kẹ́ kẹ́ ẹ máa fi gíga dá a mọ̀. Lóòótọ́, "ọmọkùnrin tó ga" ni Háúsá ń pè ní dogon yaro, àmọ́ mẹ́líà náà ń ga.

Tó bá ti yọ òdòdó, ó rọrùn: funfun ni ti dóńgóyárò, ti mẹ́líà ní àwọ̀ pọ́pù. Èso dóńgóyárò gùn díẹ̀ bíi dàbínù kékeré, ti mẹ́líà róbótó, ó sì máa ń wà lórí igi lẹ́yìn tí ewé ti wọ́ tán, kóró inú ẹ̀ le débi pé àwọn kan ń sín in bíi tẹ̀súbáà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kọ́mọ fi ṣeré.

Tẹ́ ẹ bá ń rà á ní Láfẹ́ńwá tàbí Kútọ̀, ẹ ní kí ìyá eléwé ọmọ fún yín lódindi ẹ̀ka, ẹ má gba èyí tí wọ́n ti re sínú ọ̀rá. Àbúrò yẹn ti da tiẹ̀ nù, mo sì ní kó kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.