Bí ìrókò oko bàbá mi ṣe di ilẹ̀kùn

Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tí mo fi sí ilé mi ní Ìsẹ̀-Èkìtì kò pé ọdún kan tó fi wọ́. Pákó tútù ni wọ́n tà fún mi, mi ò sì mọ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó súnkì débi pé ìka mi ń wọ àárín òun àti férémù. Nígbà tí òjò padà dé, ó wú, kò ṣe é tì mọ́. Ó dùn mí gan-an, torí ìlú wa yìí náà ni Ọlọ́wẹ̀ gbé, ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé lọ síbi ìpàtẹ ní Wembley, ní London, lọ́dún 1924. Ilẹ̀kùn yẹn ṣì wà ní British Museum dòní. Nígbà tó wá kan ilé ìyá mi, mo ní láti orí ìdúró igi ni n óò ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi dá ìrókò kan sí nínú oko kòkó rẹ̀, kó lè máa ṣíji bo kòkó. Mo gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń mójú tó igbó fún ìjọba, mo sì dúró di oṣù kìíní, tí ilẹ̀ gbẹ, tí ọkọ̀ lè dé ìdí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ta ọtí sílẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan igi náà. Ó ní kí Olúwéré, ẹ̀mí inú ìrókò, má bínú.

Agégi wo ibi tí ẹ̀ka pọ̀ sí, kó lè mọ ibi tí igi fẹ́ wó sí. Ó gé ẹnu sí ìhà yẹn, ó jìn tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìdí igi. Ó wá bọ́ sẹ́yìn, ó ń gé e bọ̀ láti ibi tó ga díẹ̀ ju ẹnu náà lọ, ṣùgbọ́n kò gé e já. Ó fi díẹ̀ sílẹ̀ láàrin, èyí tó ń ṣiṣẹ́ bíi híńjì, tó ń darí igi bó ṣe ń wó lọ. Kó tó parí, ẹ̀rọ rẹ̀ kọ lu òkúta funfun tó máa ń wà nínú ìrókò, eyín ṣéènì sì kú. Wákàtí kan gbáko ló fi pọ́n ọn.

A gé e sí ìtì mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo kun ẹnu wọn ní ọ̀dà. Ẹnu ìtì ni omi ti ń yára jáde jù. Bó bá gbẹ ṣáájú àárín, á là.

Ní sọ́mìlì, wọ́n fẹ́ máa là á lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, torí ó yá. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn pákó férémù kọjú sí agbedeméjì igi, torí igi máa ń súnkì yíká ara rẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì bó ṣe ń súnkì láti agbedeméjì bọ̀ síta. Pákó díẹ̀ ṣòfò, owó sì lé. Mo ṣì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la. Íńsì méjì àti ìlàrin ni mo ní kí wọ́n là á, kó lè ku íńsì méjì lẹ́yìn tí a bá fá a. Ẹ fi aṣọ bo imú yín o: eruku ìrókò ń ta imú, ó sì ń mú ara yún.

Ibi gbígbẹ gan-an ni iṣẹ́ wà. Mo to búlọ́ọ̀kù kí pákó lè ga kúrò nílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, mo fi páànù bo òkè, mo sì ṣí ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Láàrin ìpele kan sí èkejì, mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ oníńsì kan sí i ní ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì, ti òkè dúró gangan lórí ti ìsàlẹ̀. Bí wọn ò bá bára mu, ìwúwo òkè á tẹ pákó ìsàlẹ̀ wọ́. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo kọ́kọ́ lò tutù, àwọn fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́; mo tú gbogbo rẹ̀, mo tún un tò pẹ̀lú èyí tó gbẹ. Mo gbé òkúta lé orí. Nígbà tí ọyẹ́ le, mo ta àpò sí ẹ̀gbẹ́ kí atẹ́gùn má baà gbẹ ẹ́ jù lẹ́ẹ̀kan. Àṣìṣe mi ni pé mo fi ara funfun abẹ́ èèpo sílẹ̀ lára pákó mẹ́ta. Kòkòrò jẹ ibẹ̀ lẹ́bú, ṣùgbọ́n wọn ò wọ ara pupa.

Ní oṣù kẹwàá, káfíńtà ní ó ti gbẹ. Mi ò gbà. Mo gé ègé kékeré láti àárín pákó, mo wọ̀n ọ́n: gíráàmù 500. Mo yan án nínú ààrò oníbúrẹ́dì, iná rẹ̀ kò pọ̀, títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi lọ sílẹ̀ mọ́: 410. Omi tó jáde jẹ́ 90. Ẹ pín in fún 410, ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ó ṣì tutù. Ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, ègé mìíràn jẹ́ 470, ó gbẹ di 412: ìdá 14. Ìgbà yẹn ni mo tó ní kí wọ́n gbé rándà jáde.

Ìgbà òjò méjì ti kọjá lórí ilẹ̀kùn ìyá mi báyìí, ọwọ́ kan ni wọ́n sì fi ń tì í. Pákó mẹ́rin ṣẹ́kù lórí búlọ́ọ̀kù. Ti fèrèsé àbúrò mi ni.