Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Àkọsílẹ̀ Ẹranko Tí Òkun Gbé Sórí Iyanrìn

Ẹnì kan rí òkú dọ́fíìnì tí ara rẹ̀ ya, ó sì kọ ọ́ pé: “Ọkọ̀ ojú omi ló pa á.” Àṣìṣe yìí ló ń dùn mí jù, torí ẹni tó kọ ọ́ kò purọ́, ohun tó rò ló kọ, kì í ṣe ohun tó rí. Ekurá lè ti bu ẹran ara rẹ̀ jẹ lẹ́yìn tó kú, ẹyẹ náà lè ti ṣá a jẹ. Ẹ kọ ibi tí ọgbẹ́ wà àti bó ṣe gùn tó. Onímọ̀ tó bá la òkú náà ni yóò sọ ohun tó pa á. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ rí. “Àbùùbùtán, n kò mọ irú rẹ̀” sàn ju orúkọ tí a méfò lọ, bí fọ́tò tó dára bá wà níbẹ̀.

Fọ́tò kan ṣoṣo láti òkèèrè kò tó. Ẹ ya fọ́tò orí, eyín, lẹbẹ, ìrù àti abẹ́ ikùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bó bá jẹ́ ìjàpá òkun, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ látòkè.

Ẹ má ṣe tẹ téèpù mọ́ ara àbùùbùtán láti wọ̀n ọ́n. Ara tó rí roboto yóò fi kún gígùn rẹ̀, pàápàá bí òkú bá ti wú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ká na téèpù sí gbọnrangandan, láti ṣóńṣó àgbọ̀n òkè dé àlàfo àárín ìrù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, torí àrùn lè ràn láti ara òkú.

Ẹ má sì sún ìròyìn di ọ̀la. Ní oṣù kẹta ọdún 2000, òkun gbé àwọn àbùùbùtán jáde káàkiri etí òkun Bahamas láàárín ọjọ́ méjì péré. Àwọn tó wà níbẹ̀ kọ ibi àti àkókò sílẹ̀, wọ́n sì tọ́jú orí àwọn kan kó tó jẹrà. Inú orí wọ̀nyẹn ni wọ́n ti rí ẹ̀jẹ̀ tó ya ní àyíká etí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mọ̀ pé ìró sónà (ẹ̀rọ tó ń fi ìró wá ohun tó wà lábẹ́ omi) ti àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ló ṣokùnfà rẹ̀. Orí tó ti rà kò ní lè sọ ìyẹn.

Bí ẹranko náà bá ṣì ń mí, ẹ pe àwọn agbẹ̀mílà kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun. Ẹ má fà á nírù padà sínú omi, ẹ má sì da omi sínú ihò ìmí orí rẹ̀.

Àṣìṣe tó kù kò hàn lójú: ọjọ́ tí a rin etí òkun láìrí ohunkóhun, a kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Láìsí ọjọ́ wọ̀nyẹn, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá òkú ló ń pọ̀ sí i, tàbí àwọn tó ń wò ni.