Bí mo ṣe sanwó ẹ̀ẹ̀mejì kí n tó fojú kan ẹkùn ní Ranthambore

Ẹ jẹ́ kí n ti orí owó bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ṣì ń dùn mí. Ìjókòó kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn wọ igbó ẹkùn ní Íńdíà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó rẹ̀. Ti àkọ́kọ́, rúpìì 6,500, ó ti wọ àpò ejẹ́ńtì kan tó ń pè mí ní "sister" lórí WhatsApp.

Màmá mi ni mo sìn lọ sí Delhi. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún fún wọn, dókítà sì ní ká ṣì dúró díẹ̀ ká tó wọ bàálù. Nígbà tí àbúrò mi dé láti Lọ́ńdọ̀nù láti gbà mí sílẹ̀, mo ní kí n fi ọjọ́ méjì lọ wo ẹkùn. Màmá wò mí títí. "Owó lo fẹ́ san kó o tó pàdé ẹkùn? Nígbà ayé àwọn bàbá wa, ẹbọ ni wọ́n ń rú kí wọ́n má bàa pàdé ẹ̀."

Ọkọ̀ ojú irin kò le: láti Delhi dé Sawai Madhopur, ìlú tó wà lẹ́bàá igbó náà, bíi wákàtí mẹ́rin. Òtẹ́ẹ̀lì náà sì pọ̀ lọ súà. N kò ní fìyẹn dá yín dúró.

Ìwé àṣẹ ìwọlé ni wàhálà wà. Wọ́n dá igbó náà sí agbègbè 10, iye ọkọ̀ tó lè wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ àti lọ́sàn-án sì ní gbèdéke. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ta ìwé náà, iye tí àlejò ń san sì ju ti ọmọ onílẹ̀ lọ dáadáa. Mo fi káàdì náírà mi gbìyànjú ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló kọ̀. Bí mo ṣe bọ́ sọ́wọ́ ejẹ́ńtì nìyẹn. Ó ní kí n fi fọ́tò pásípọ́ọ̀tù mi ránṣẹ́, mo fi ránṣẹ́. Ó ní kò sí ìṣòro.

Láago mẹ́fà ìdájí, nínú òtútù oṣù Ṣẹẹrẹ, mo ti wà nínú jíìpù tí kò lórí, ṣọ́ọ̀lù Màmá méjì lọ́rùn mi. Ọkùnrin tó ń yẹ ìwé wò gba pásípọ́ọ̀tù mi, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó tún wo ìwé. Ló bá yí ìwé náà kọjú sí mi. Orúkọ ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló wà níbẹ̀, ọmọ Íńdíà, ẹni ọdún 52.

Mo ní àṣìṣe ni. Ó rọra ṣàlàyé fún mi bíi pé ọmọdé ni mí: àwọn kan máa ń ra ìjókòó sílẹ̀ ní orúkọ tó bá wù wọ́n, ní iye tí ọmọ onílẹ̀ ń san, kí wọ́n tó wá tà á fún àlejò ní iye àlejò. Mo ní kó jẹ́ kí n san àfikún níbẹ̀. Ó ní orúkọ kò ṣeé pààrọ̀. Ó ṣe mí bíi kí n bi í pé ṣé ó mọ ẹni tí mo jẹ́ ni, mo wá rántí pé ohun tá à ń jà lé lórí gan-an nìyẹn. Àwọn márùn-ún tá a jọ wà nínú jíìpù ti ń wo aago. Mo sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n lọ.

Ìgbà mọ́kànlá ni mo pe ejẹ́ńtì. Ó ń dún, kò gbé e. Nígbà tó yá, ó pa fóònù.

Kí n tó mọ̀ pé wọ́n ń ta ìjókòó tó bá ṣẹ́ kù lójú wíńdò, ìlà ti gùn. Mo dúró fún wákàtí méjì, mo lé ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta tó fẹ́ já ìlà sẹ́yìn pẹ̀lú ojú lásán (ará Ìbàdàn kúkú ni mí), mo sì rí ìjókòó ọ̀sán gbà nínú canter, ọkọ̀ ńlá tó ń gba ogún èèyàn. Iye àlejò, orúkọ èmi fúnra mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Òwúrọ̀ tó ṣòfò ni mo fi gun odi àtijọ́ tó wà lórí òkè. Kò gba ìwé igbó. Tẹ́ńpìlì Ganesh olójú mẹ́ta wà níbẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń fi ìwé ìpè ìgbéyàwó ránṣẹ́ sí òrìṣà náà láti ibi gbogbo. Èyí wú mi lórí gan-an. Ilẹ̀ ọdẹ àwọn ọba Jaipur ni ìsàlẹ̀ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wà lára àwọn igbó àkọ́kọ́ tí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ ètò ìdáàbòbò ẹkùn lọ́dún 1973.

Lọ́sàn-án, agbègbè 3, etí adágún Rajbagh. Ọ̀kín ń rìn kiri bí adìyẹ, ọ̀nì méjì sùn sórí ẹrẹ̀. Afinimọ̀nà ń sọ ti Machli fún wa, abo ẹkùn tó bá ọ̀nì jà níbẹ̀, tó kú lọ́dún 2016, nígbà tí sambar, àgbọ̀nrín ńlá wọn, ké lẹ́ẹ̀kan. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ọ̀bọ lè pariwo lásán, àmọ́ wọ́n ní bí sambar bá ké pé ẹkùn wà nítòsí, kì í sábà purọ́.

Ó jáde láti inú koríko, kò tilẹ̀ wò wá. Ògìdán olólà ijù là ń kì í nílé. Ti ibí yìí, òun fúnra rẹ̀ ló kọlà láti orí dé ìrù. Ìṣẹ́jú mẹ́fà. Àwọn tá a jọ jáde láàárọ̀, àgbọ̀nrín nìkan ni wọ́n rí, mi ò ní purọ́ pé kò dùn mọ́ mi.

Bí mo bá tún lọ, òtẹ́ẹ̀lì ni mo máa ní kó gba ìwé náà, màá sì fi ojú ara mi rí orúkọ mi lórí rẹ̀ kí kọ́bọ̀ tó kúrò lọ́wọ́ mi. Pásípọ́ọ̀tù gan-an ni kẹ́ ẹ mú dání, kì í ṣe ẹ̀dà. Ẹ má sì fojú di canter: ariwo ló ní, àmọ́ ó ga.

Lálẹ́, mo fi fọ́tò ẹkùn náà ránṣẹ́ sí Màmá. Mo fi ránṣẹ́ sí ejẹ́ńtì náà pẹ̀lú, mo kọ orúkọ ọkùnrin ẹni ọdún 52 yẹn sísàlẹ̀ rẹ̀. Àmì méjèèjì ti di búlúù. Kò tíì fèsì.