Bí a ṣe ń sọ bọ́ọ̀sì di ilé ní Ẹ̀pẹ́

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé mo ti kó jáde nínú yàrá tí mo háyà ní Ẹ̀pẹ́, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ta ló lé ọ?” Mo ní kò sẹ́ni tó lé mi, inú bọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ máa gbé, kí n máa fi í rìn kiri. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Tí wọ́n bá ń wá ọ, ilé ta ni kí wọ́n wá?”

Ẹ dáhùn ìbéèrè yẹn kí ẹ tó lọ wo bọ́ọ̀sì kankan. Ẹ wá ẹni tí yóò gbà kí àdírẹ́sì òun wà lórí ìwé báǹkì àti ìwé ọkọ̀ yín, tí yóò sì bá yín tọ́jú àpótí kan tàbí méjì. Ilé bàbá ẹni ló dára jù. Àwọn ẹrù tó kù, ẹ tà wọ́n tàbí kí ẹ fi ta ẹbí lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ fún onílé pé ẹ ń lọ o. Ẹ yá ọkọ̀ ọ̀rẹ́ ná, kí ẹ sùn nínú rẹ̀ fún alẹ́ mẹ́ta, kí ọ̀kan níbẹ̀ jẹ́ alẹ́ òjò. Owó ọdún kan gbáko ni a sábà ń san fún ilé l'Ékòó, owó ejẹ́ńtì àti àgíríméǹtì tún wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá kó jáde tó tún fẹ́ padà yóò san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Rírà bọ́ọ̀sì

Danfo àtijọ́ kò wọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì Fáragọ́n, ìyẹn danfo Volkswagen, wà lẹ́yìn, abẹ́ ibi tí ẹ máa sùn gan-an ni ooru rẹ̀ ń gbà jáde. Ti Toyota HiAce wà lábẹ́ ìjókòó iwájú. Èyí tí òrùlé rẹ̀ ga, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní Hummer, ni mo fẹ́ràn jù, nítorí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò ṣọ̀wọ́n láti Ìkòròdú títí dé Àgbádárìgì. Mẹkáníìkì tiyín ni kí ẹ mú lọ wò ó, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Kó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, kó fi irin kan ibi tó bá ti dípẹtà.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ èrò tẹ́lẹ̀, ẹ kun ọ̀dà mìíràn lé àwọ̀ yẹ́lò onílà dúdú yẹn, kí ẹ sì yí ìwé rẹ̀ padà sí ti aládàáni, kí nọ́ńbà pupa di aláwọ̀ búlúù. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àgbèrò kò ní gbà pé inú yàrá yín lẹ wà. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ni yóò máa bi yín.

Inú rẹ̀

Ooru ni ọ̀tá. Ẹ ní kí wọ́n ya fèrèsé méjì tó dojú kọra, kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bo méjèèjì, kí afẹ́fẹ́ ọ̀sà lè gba ọ̀kan wọlé, kó gba èkejì jáde. Ẹni tó bá sùn létí ọ̀sà l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ láìní nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀fọn ni yóò jẹ ẹ́ mọ́jú. Ẹ kun òrùlé ní funfun, kí ẹ fi fóòmù pẹlẹbẹ sáàárín irin òrùlé àti pláíwúùdù tí ẹ fi bo inú rẹ̀. Wẹ́dà ni kó ṣe ẹsẹ̀ ibùsùn, kí káfíńtà tẹ́ pákó lé e. Abẹ́ ibẹ̀ ni ẹrù tó wúwo ń gbé.

Ti iná, ìṣirò ló gbà. Fáànù wáàtì 15 fún wákàtí 8 jẹ́ 120. Láptọ́ọ̀pù wáàtì 50 fún wákàtí 3 jẹ́ 150. Gílóòbù wáàtì 5 fún wákàtí 4 jẹ́ 20. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wáàtì-wákàtí 290 lójúmọ́. Páńẹ́ẹ̀lì sólà wáàtì 100 lè kó o jọ lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa, ṣùgbọ́n lásìkò òjò kò ní tó, ẹ ó dín láptọ́ọ̀pù kù. Bátìrì ilé gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí bátìrì ẹ́ńjìnnì. Lálẹ́ ọjọ́ kejì mi, ti ẹ́ńjìnnì ni mo fi fáànù sí tí mo sùn lọ. Àwọn ọmọkùnrin tó ń gbé ẹja lọ sí ọjà Olúwo ló bá mi ti ọkọ̀ láàárọ̀, wọ́n sì fi mí ṣẹ̀sín dáadáa.

Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì tó ẹnì kan lò fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Ìta ni kí ẹ ti máa dáná gáàsì. Ẹ má ṣe sùn nígbà tí ẹ́ńjìnnì tàbí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ nítòsí: nínú èéfín rẹ̀, afẹ́fẹ́ kan wà tí kò ní òórùn rárá, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Fún ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ wá bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí àti ìyẹ̀fun pákó láti sọ́mílì.

Ibi tí ẹ máa sùn

Àwọn òyìnbó tó ń gbé inú ọkọ̀ a máa wá ibi tí kò sẹ́nì kankan. Lọ́dọ̀ tiwa, ibi tí kò sẹ́nì kankan gan-an ni kò yẹ kí ẹ sùn. Ibi tó ní olóhun ni kí ẹ wá: ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ilé epo tó ní mẹ́gádì, tàbí òtẹ́ẹ̀lì tí yóò gbowó díẹ̀ lọ́wọ́ yín kí ẹ lè wẹ̀.

Ní abúlé, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ ní: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, bàbá. Àlejò ni mí. Mo wá tọrọ àyè tí màá fi ọkọ̀ mi sí sùn, ilẹ̀ mọ́ ni mò ń lọ.” Ẹ má fi owó ṣíwájú ọ̀rọ̀. Ẹ ra oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá tó ń tà ládùúgbò, kí ẹ jẹ ẹ́ níbẹ̀. Kí ẹ tó jẹun tán, àdúgbò ti mọ̀ pé ẹnì kan ń sùn nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n sì ti mọ ọmọ ìlú ibi tí ẹ jẹ́. Ìyẹn ju kọ́kọ́rọ́ lọ. Síbẹ̀, ẹ kọjú ọkọ̀ sí ọ̀nà àbájáde.

Tí ẹ bá dé Àgbádárìgì, ẹ má páàkì sábẹ́ àgbọn, bó ti wù kí òjìji rẹ̀ tutù tó. Ẹ má sì wa ọkọ̀ wọ yanrìn etíkun. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ irin, nítorí náà ẹ fi omi kànga fọ abẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ibẹ̀ ṣe ìrìn àkọ́kọ́, torí àárín Èkó lẹ máa gbà, gò-síló sì lè gba gbogbo ọjọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ gba Ìtòìkín lọ sí Ìkòròdú, kí ẹ sùn mọ́jú, kí ẹ padà. Ohun tí ẹ kò bá dè dáadáa nínú ọkọ̀ yóò ti já lulẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀.

Kí ẹ tó paná lálaalẹ́, ẹ fi orúkọ ibi tí ẹ wà àti orúkọ ẹni tó fún yín láyè ránṣẹ́ sílé. Ìyá mi kì í fèsì ju ọ̀rọ̀ kan lọ: “Ṣé o ti jẹun?”