Ẹ Má Tíì Bú Bàbà: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Omi Iyọ̀ Tí A Fi Ń Yí CO₂ Padà

À ń fi iná mànàmáná yí CO₂ padà lójú bàbà tó wà nínú omi iyọ̀. Wákàtí àkọ́kọ́ dára. Gáàsì ẹ́tílíìnì tí à ń wá ń jáde, inú gbogbo wa ń dùn. Nígbà tó fi máa di wákàtí kẹta, háídírójìn tí a kò fẹ́, tó ń ti inú omi wá, nìkan ló kù tó ń hó lójú bàbà. Àbúrò tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà náà yọ bàbà ọ̀hún, ó ní kò dáa, ó gé òmíràn. Òmíràn náà ṣe bákan náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń pààrọ̀ bàbà kí n tó béèrè ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè: iyọ̀ wo lo pò mọ́ omi?

Mo ń kọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fífi iná mànàmáná sọ kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, ìyẹn CO₂, di ohun tó wúlò. Irin la sábà máa ń yìn, irin náà la sì máa ń bú. Ó nídìí. Láti ọdún 1985 ni Yoshio Hori àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ti ń fi hàn pé irin kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń mú jáde. Wúrà àti fàdákà ń mú CO (kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì) wá, tánńganran àti òjé ń mú fọ́méètì (iyọ̀ ásíìdì fọ́míìkì) wá, bàbà ló ń mú mẹ́téènì àti ẹ́tílíìnì wá. Ṣùgbọ́n inú omi iyọ̀ ni wọ́n ti wọn gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá dárúkọ irin tí kò dárúkọ omi, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ.

Ẹ má gbà pé iyọ̀ mọ́ nítorí pé wọ́n kọ 99% sí ìgò rẹ̀ lára. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ po 100 mL omi KHCO₃ (báíkábónéètì pọ̀tásíọ̀mù) tó jẹ́ 0.1 M, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá móòlù iyọ̀ nínú lítà kan, nǹkan bíi gíráàmù 1 iyọ̀ lẹ máa wọ̀n. Ká ní ìdá kan péré nínú mílíọ̀nù iyọ̀ yẹn ló jẹ́ Fe, irin tí alágbẹ̀dẹ ń rọ. Máíkírógíráàmù 1 nìyẹn, ojú kò lè rí i. Síbẹ̀, iye átọ́ọ̀mù tó wà nínú rẹ̀ tó láti bo bàbà pẹlẹbẹ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan níbùú àti lóòró, ní ìpele mẹ́fà sí méje. Iná tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ gan-an ló máa fà á wá lẹ̀ mọ́ bàbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni síńkì, bẹ́ẹ̀ náà ni òjé. Tí wọ́n bá ti bò ó, bàbà kọ́ lẹ ń wọ̀n mọ́.

Hori àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí lórí èyí jáde ní 2005. Wọ́n ní ìdọ̀tí inú omi ló ń pa bàbà, bàbà kì í ṣàdéédé kú. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á kọ́kọ́ fi irin mìíràn sínú omi náà, wọ́n á gbé iná sí i kó fa ìdọ̀tí tán, kí bàbà gangan tó wọlé. Àwọn mìíràn ń fi resin Chelex, ìyẹn wóró kéékèèké tó ń gba irin mọ́ra, sẹ́ omi náà, àwọn kan sì ń fi kẹ́míkà EDTA díẹ̀ sí i kó lè di ìdọ̀tí náà mú. Chelex ni àwa lò. Ní wákàtí kẹta, ẹ́tílíìnì ṣì ń jáde.

Ẹ tún wo irin kejì tó dojú kọ bàbà nínú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ohun èlò tí omi àti irin méjèèjì wà nínú rẹ̀. Pílátínọ̀mù máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi, á sì rìn wá bá bàbà, bẹ́ẹ̀ háídírójìn ni pílátínọ̀mù mọ̀ ọ́n mú jáde. Ẹ fi awọ tín-ín-rín pààlà sáàárín wọn, tàbí kí ẹ lo kábọ́ọ̀nù dípò rẹ̀. Atọ́ka Ag/AgCl, tí a fi ń díwọ̀n fóltéèjì bàbà, náà lè jo kíláráìdì sínú omi.

Ẹ má fi pH kan ṣoṣo, ìyẹn òṣùwọ̀n ásíìdì inú omi, ṣírò fún omi méjì. KHCO₃ 0.1 M tí CO₂ ti kún inú rẹ̀ máa ń wà ní pH 6.8. Bí ẹ bá fẹ́ gáàsì argon sínú omi kan náà láti ṣe ìdánwò aláìní CO₂, pH rẹ̀ á kọjá 8. Lórí RHE, òṣùwọ̀n fóltéèjì tó fi háídírójìn ṣe odo tó sì ń tẹ̀lé pH omi, ìyàtọ̀ pH kan jẹ́ 59 mV ní 25°C. Ẹni tó bá gbàgbé èyí á máa ka ìyàtọ̀ tó lé ní 70 mV sí iṣẹ́ irin.

pH inú ìgò kọ́ sì ni pH ojú irin. Gbogbo ìgbà tí CO₂ bá gba ẹ́lẹ́kítíróọ̀nù nínú omi, OH⁻, ohun tó ń gbé pH ga, ló ń ṣẹ́ kù lójú bàbà. Bí omi náà kò bá lágbára láti tètè gba OH⁻ yẹn mọ́ra, pH ibẹ̀ á ga ju ti ìgò lọ. Ní 1989, Hori fi hàn pé nínú KCl, K₂SO₄ tàbí KHCO₃ tó fúyẹ́, ẹ́tílíìnì ló ń borí, pé nínú fọ́sífétì, tó ń tètè gba OH⁻ mọ́ra, mẹ́téènì àti háídírójìn ló ń pọ̀. Bàbà kan náà ni o! Ẹni tó lo 0.1 M kò wá lè gbé àbájáde rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹni tó lo 0.5 M, kó ní bàbà tòun ló dára jù. Omi 0.5 M tún máa ń jẹ́ kí iná kọjá dáadáa ju 0.1 M lọ. Nítorí náà, ẹni tí kò bá yọ ìdènà tí omi ń ṣe fún iná kúrò nínú fóltéèjì rẹ̀ ti kó àṣìṣe méjì pọ̀.

Ẹ má fi sódíọ̀mù rọ́pò pọ̀tásíọ̀mù nítorí pé òun ló wà nílẹ̀. Lórí bàbà, bí a bá ti ń kúrò ní lítíọ̀mù (Li) bọ́ sí sódíọ̀mù (Na), sí pọ̀tásíọ̀mù (K), títí dé sísíọ̀mù (Cs), ẹ́tílíìnì ń pọ̀ sí i, háídírójìn ń dín kù. Ní 2021, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Leiden ní Netherlands ṣe ìdánwò wúrà, fàdákà àti bàbà nínú ásíìdì tí kò ní irú áyọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ (Li, Na, K tàbí Cs tó ti pàdánù ẹ́lẹ́kítíróọ̀nù kan) rárá. CO kò jáde. Wọ́n fi díẹ̀ sí i, CO jáde. Àlàyé wọn ni pé áyọ́ọ̀nù yẹn ló ń di CO₂ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ́lẹ́kítíróọ̀nù mú, kó má bàa bọ́. Lójú tèmi, ìwádìí yẹn ló parí àríyànjiyàn pé bóyá òǹwòran lásán ni omi iyọ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù lọ ni ti KOH, ìyẹn pọ̀tásíọ̀mù háídírọ́ksáìdì. Ẹ óò máa kà pé nínú KOH 1 M, iná ń ṣàn púpọ̀, fóltéèjì sì kéré. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n CO₂ àti KOH kì í wà pa pọ̀ kí wọ́n má di kábónéètì. CO₂ tí ẹ fẹ́ sọ di ẹ́tílíìnì, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ti di iyọ̀, agbára àti owó lẹ sì máa fi gbà á padà. pH tí ẹ wọ̀n láàárọ̀ kì í sì í ṣe pH ìrọ̀lẹ́. Àwọn aláró wa mọ iyọ̀ yìí láìmọ orúkọ tí láàbù ń pè é: kábónéètì pọ̀tásíọ̀mù ló wà nínú omi eérú tí wọ́n ń sẹ́ sí ìkòkò aró kí ẹ̀lú tó lè mú aṣọ. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń gba gáàsì láti ẹ̀yìn bàbà, ńṣe ni kábónéètì yìí máa ń gbẹ sínú àwọn ihò tóóró tí CO₂ ń gbà kọjá, á sì dí wọn pa. Bí iná bá ṣì ń ṣàn àmọ́ tí ẹ́tílíìnì ń dín kù, ẹ tú sẹ́ẹ̀lì náà kí ẹ wo ẹ̀yìn bàbà. Bí ẹ bá rí ohun funfun níbẹ̀, ẹ fi omi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì wọn CO₂ tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde kí ẹ tó kọ ìṣirò kankan sílẹ̀.